Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ATV lórí òkè Colorado, pẹ̀lú Màmá àti ọmọ tó jẹ́ AS

Ìyá Ìbejì Houston · Ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọkọ mi máa pé ẹni 50 ọdún nínú oṣù keje, ó sì ti fàáké kọ́rí: kò fẹ́ gbọ̀ngàn, kò fẹ́ aṣọ ẹbí, kò fẹ́ DJ. Ohun tó fẹ́ ni ká kó ara wa lọ sí Lake City ní Colorado, ká lọ gun ATV, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yẹn, lórí ọ̀nà òkè tí wọ́n ń pè ní Alpine Loop, ká sì sùn sétí adágún Lake San Cristobal. Láti Kérésì ló ti ń wo fídíò rẹ̀. Bí mo bá ta jí lóru, ìró ẹ́ńjìnnì ni mò ń gbọ́ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Àwa méje la ń lọ: èmi àti òun, àwọn ìbejì (wọ́n ti pé 15), àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Màmá tí wọ́n wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Màmá ti pé 68, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí ẹni tó gun nǹkan yìí rí nínú wa, àfi àbúrò mi tó gùn ún fún ogún ìṣẹ́jú ní etí òkun l'Ékòó, tó wá ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá.

Ọ̀nà yẹn ń bà mí lẹ́rù. Nínú fídíò, ògiri òkúta ló wà lápá kan, apá kejì kò sí nǹkan kan, òfìfo ni. Ṣé ẹlẹ́nìkan ni ká yá ni, àbí èyí tó ní sítíárìn àti ìjókòó mẹ́rin? Táíwò ní òun fẹ́ dá tòun wà, ṣé wọ́n á gbà fún un? Ibo la máa gbà gòkè? Ọ̀rẹ́ mi kan tún dá kún un lánàá, ó ní ẹni tó bá jẹ́ AS kò gbọ́dọ̀ dé òkè yẹn. Èmi AS, Kẹ́hìndé AS. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti débẹ̀ ni kó dá mi lóhùn. Fídíò ti tó mi.

Àkànní Aurora · Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Ẹ kú ìmúra o, ìyá ìbejì. Ẹ bá mi kí ọ̀gá, wọ́n mọ ohun tó dáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ síbẹ̀.

Alpine Loop tó nǹkan bíi máìlì 65. Òun ló so Lake City, Silverton àti Ouray pọ̀. Ọ̀nà àwọn awakùsà ni láyé àtijọ́, àwọn tó ń wa fàdákà àti wúrà, tí ìbaaka ń bá wọn ru ẹrù. Ibi gíga méjì ni ẹ máa là kọjá: Cinnamon Pass tó ga tó 12,640 ẹsẹ̀ bàtà, àti Engineer Pass tó ga tó 12,800. Lake City fúnra rẹ̀ ti lé ní 8,600 kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì rárá. Houston tí ẹ ti ń bọ̀ yẹn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí kò jìnnà sí òkun ni.

Side-by-side ni kí ẹ yá. Ó ní sítíárìn, ó ní bẹ́líìtì ìjókòó, ó sì ní irin tó yí èèyàn ká lókè, tó fi jẹ́ pé bó bá ṣubú, kò ní tètè tẹ èèyàn pa. ATV ẹlẹ́nìkan yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má fi ti ọ̀kadà nílé ṣe é o, kí ẹ wá gbé ọmọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin méje, méjì tó jẹ́ onímẹ́rin ti tó. Oṣù keje ni gbogbo ayé ń lọ, nítorí náà ẹ tètè sanwó ìdíyelé.

Ẹ má rò pé ẹ ó ka gbogbo máìlì 65 yẹn lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń gba etí adágún kọjá, mo máa ń gba Cinnamon gòkè, màá sọ̀ kalẹ̀ sí Animas Forks, ìlú tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tipẹ́, màá wá gba Engineer padà sí Lake City. Wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni, bí ẹ bá ń dúró ya fọ́tò. Kí ẹ tó dé orí Cinnamon, ẹ yà sí American Basin lọ́wọ́ òsì. Bó bá jẹ́ ìparí oṣù keje, òdòdó ló máa kún gbogbo àfonífojì yẹn, aláwọ̀ àlùkò, pupa, yẹ́lò. Ibẹ̀ nìkan tó owó ìrìn àjò.

Colorado ní káàdì OHV (ìyẹn ìwé àṣẹ fún irú ọkọ̀ orí òkè báyìí) tí ẹ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ míì. Nígbà tí mo ra tèmi, dọ́là 25.25 ni. Ọkọ̀ tí ẹ bá yá sábà máa ń ní tirẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ọmọ Ọ̀wá Dallas · Ọjọ́ Àìkú, 10:40 alẹ́

Àkànní, o ti ń kó ẹ̀rù bá obìnrin oníobìnrin. Ìyá ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo lọ lọ́dún 2021, ATV ẹlẹ́nìkan ni mo gùn, òun ló dùn jù. Side-by-side ti àwọn arúgbó ni. Apá Ouray ni kí ẹ gbà gòkè, láti ojú títì 550. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí òkúta, ẹ ó mọ̀ pé ẹ jáde nílé.

Ọmọ ọdún 13 ni tèmi nígbà tó kọ́kọ́ wa tirẹ̀ ní oko màlúù ọ̀rẹ́ mi ní Texas níbí. Ẹ jẹ́ kí Táíwò gbádùn ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ AS yẹn, àsọdùn ni. Gbogbo wa la wọ bààlúù láti Ìkẹjà wá síbí. Ó fò ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ta ló kú nínú wa?

Àkànní Aurora · Ọjọ́ Àìkú, 10:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ má rán wọn gba Ouray. Ibi tó le jù nínú gbogbo Loop lẹ fẹ́ fi àwọn akọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ yẹn. Àtẹ̀gùn òkúta ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ á máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà yẹn kò gbà ju ọkọ̀ kan lọ ní ibi púpọ̀. Apá Lake City ló rọjú.

Ti Táíwò, oko ẹni lọ̀tọ̀, ọ̀nà ìjọba lọ̀tọ̀. Ojú ọ̀nà ìjọba ìbílẹ̀ ni Loop yẹn. Ẹni tó bá máa wa ọkọ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ní ínṣọ́ránsì. Ọmọ 15 á jókòó, á di bẹ́líìtì, á dé akoto. Ẹni tó yá wa lọ́kọ̀ kò jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé 18 jókòó láìdé akoto.

Bí ẹ bá tún fẹ́ dé Silverton, láti 2021 ni wọ́n ti fòfin de irú ọkọ̀ yìí láàrin ìlú. Ẹ̀yìn ìlú lẹ ó páàkì sí, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn wọlé. Lake City ní tirẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un nìkan ni.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ òru, mo sì rí ọ̀rọ̀ bààlúù tí ọmọ Ọ̀wá sọ. Mi ò lè sùn kí n tó dáhùn.

Bààlúù ń fò ní 35,000, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ẹ̀rọ rọ atẹ́gùn sínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé atẹ́gùn tí ẹ̀ ń mí sínú lórí ìjókòó yín kì í fẹ́lẹ́ ju ti ibi tó ga ní 8,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹni tó bá wà lórí Engineer Pass, kò sí ẹni tó ń rọ nǹkan kan fún un. Ó ti kọjá 8,000 inú bààlúù yẹn, ó fi nǹkan bí 5,000 lé e.

Ọ̀rẹ́ ìyá ìbejì náà ṣì í díẹ̀. Kì í ṣe pé AS kò gbọ́dọ̀ dé òkè. Ọ̀pọ̀ AS ló ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí wọn ò sọ fún wa nílé, torí àwa máa ń rò pé ìgbéyàwó nìkan ni AS wà fún, pé kí AS má fẹ́ AS, ó parí. Níbi tí atẹ́gùn bá ti fẹ́lẹ́ gan-an, pàápàá láti bíi 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ AS míì lè bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ bíi dòjé, gẹ́gẹ́ bí ti SS. Á wá há sínú ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Ẹ̀yà ara náà á wú, apá kan rẹ̀ lè kú. Àwọn dókítà ti kọ ìwé nípa èyí tipẹ́, àwọn tó sì kọ ọ́ wà ní Colorado níbẹ̀, torí àwọn ni àlejò ń wá gòkè bá.

Bó ṣe máa ń ṣe ni pé ìrora á dédé mú èèyàn ní ìhà òsì lábẹ́ egungun, tó gún bí abẹ́rẹ́, nígbà míì á dé èjìká òsì. Èébì lè tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn á ní oúnjẹ ni, tàbí pé òkè ló ń ṣe é, kó fara dà á. Kí ó má fara dà á! Ẹ yí ọkọ̀ padà, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé "sickle cell trait" ni. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ó lè má wá sọ́kàn dókítà tí kò rí dúdú rí.

Nítorí náà, ìyá ìbejì, ìwọ àti Kẹ́hìndé, ẹ rí dókítà yín kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá gbà fún yín, ẹ mu omi dáadáa, ẹ má sáré, ẹ má bá ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ gun òkè lọ wo nǹkan. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ jókòó sí. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC tó ń ka èyí, kó má bá wọn lọ láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ní kó lọ.

Ọmọ Ìdànrè · Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀

Haa, Amẹ́ríkà. Òkè lásán ni gbogbo èyí? Mo gun òkè Ìdànrè ní Ọdún Àjíǹde tó kọjá, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, mo sì gbé kúlà dání. Ìyá àgbà kan ń ta omi lókè níbẹ̀, kò mí gúlegúle. Bóyá àwọn tó ń jẹ bọ́gà ló ń rẹ̀.

Tíṣà Jọ́gíráfì · Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Àbúrò, o pa mí lẹ́rìn-ín. Òkè Ìdànrè kò tó 1,000 mítà. Òkè tó ga jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi ní Tàràbà, 2,419 mítà ni. Lake City, ìlú tí ìyá ìbejì máa sùn sí, tí ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì wà, ti lé ní 2,600 mítà. Ó túmọ̀ sí pé bí a bá gbé Chappal Waddi síbẹ̀, ojúlé àwọn ará Lake City máa ga ju orí rẹ̀ lọ. Engineer Pass wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,900. Kò sí ibi kankan nílé wa tí èèyàn lè fi dánra wò.

Ọmọ Ìdànrè · Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Mo ti dákẹ́ sà.

Mẹ́káníìkì Arlington · Ọjọ́ Ajé, 12:17 ọ̀sán

Ẹ ti sọ ti ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti irin. Ẹ́ńjìnnì náà ń mí, bí atẹ́gùn bá fẹ́lẹ́, agbára rẹ̀ á dínkù. Ìṣirò tí àwa ń lò ni pé lórí gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tí ẹ bá gùn, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára náà ń lọ. Lórí Engineer, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdá méjì nínú márùn-ún. Bí ẹ bá tẹ ẹ tí kò sáré, kò bàjẹ́ o, ẹ má bú u.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ ni bẹ́líìtì inú rẹ̀. Kì í ṣe ti ìjókòó ni mò ń wí. Èyí tó ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, rọ́bà ni. Jíà rẹ̀ ní H (High, tó ń sáré) àti L (Low, tó ń lọ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára). H ni gbogbo akọ́ṣẹ́ ń fi gùn ún torí ó yá. Bó bá dé ibi tó ga, tó ń lọ jẹ́jẹ́ tí ẹ sì ń fún un níná, bẹ́líìtì á máa yọ̀ lórí irin, á gbóná, á jó. Lọ́dún 2023, èmi mẹ́káníìkì fúnra mi, mò ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ ìlú, mi ò rántí yí i sí L. Mo gbóòórùn bí ìgbà tí wọ́n ń jó táyà ní ìdúró ọkọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò. Kí n tó wí pé kí nìyẹn, ó ti "pàà!" lábẹ́ ìjókòó mi. Ọkọ̀ dúró. Ẹni tó yá wa lọ́kọ̀ kò fi àpòjù bẹ́líìtì sí i, nẹ́tíwọ́kì kò sí, mo jókòó fún wákàtí méjì ààbọ̀ kí àwọn òyìnbó kan tó fi okùn fà mí. Wọ́n tún gba owó bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà: ní gbogbo ibi tó bá dagun tàbí tó bá dagẹ̀rẹ̀, L. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, L yẹn náà á máa dá ọkọ̀ dúró fún yín, bíréèkì ò ní gbóná. Ẹ bi wọ́n pé ṣé àpòjù bẹ́líìtì wà nínú ọkọ̀. Ẹ ya fídíò gbogbo ibi tó ti ha lára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò níwájú ilé wọn.

Ọmọ Ọ̀wá Dallas · Ọjọ́ Ajé, 1:03 ọ̀sán

Mo gbà ti bẹ́líìtì. Mo sì gbà ti bààlúù, nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ATV ẹlẹ́nìkan ló ṣì dùn jù. Ìyẹn ò kúrò lẹ́nu mi.

Bọ́lá Minneapolis · Ọjọ́ Ajé, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Kò sí ẹni tó tíì sọ̀rọ̀ àrá.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ la gbéra nílé lọ́jọ́ tiwa, torí à ń dín àkàrà. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Aago méjì la dé orí Cinnamon. Mo bọ́ sílẹ̀ ká ya fọ́tò nídìí pátákó orúkọ ibẹ̀, ni irun orí àbúrò mi obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí dìde. Kò díì, ó tú u sílẹ̀ ni. Ó ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á láti òkè. A ń rẹ́rìn-ín! A ń ya á ní fídíò! Ọkùnrin kan tó ń ti òdìkejì bọ̀ pariwo mọ́ wa pé ká wọlé, ká sọ̀ kalẹ̀ kíá. A ò tíì rìn tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi bẹ́, mànàmáná àti àrá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yìnyín wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà funfun ń ta wá lójú torí ọkọ̀ yẹn kò ní gíláàsì níwájú. Ọwọ́ mi kú lórí sítíárìn. Mo pe oríkì ìdílé wa tán, mo pe ti ìdílé ọkọ mi mọ́ ọn.

Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ ojoojúmọ́ ni òjò àrá ń rọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Lókè níbẹ̀ igi kankan ò lè hù, ìwọ àti ọkọ̀ rẹ lẹ ga jù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kí ẹ gbéra. Kí aago méjìlá tó lù, kí ẹ ti kúrò ní ibi gíga méjèèjì. Àkàrà á dúró. Ẹ mú aṣọ òtútù, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ òjò fún olúkúlùkù, bó ti wù kí oòrùn mú tó nísàlẹ̀.

Àkànní Aurora · Ọjọ́ Ajé, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni Bọ́lá sọ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Mo tún gbàgbé ọ̀rọ̀ pípàdé lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń gòkè ló ni ọ̀nà. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló máa wá ibi tó fẹ̀ yà sí. Bí ẹ bá pàdé àwọn míì, ẹ ó rí i tí wọ́n ń na ìka sí yín. Wọn ò bú yín o! Iye ọkọ̀ tó kù lẹ́yìn wọn ni wọ́n ń sọ. Ìka méjì, méjì ló ń bọ̀. Ẹni tó bá di ẹ̀ṣẹ́ ni ẹni ìkẹyìn. Ìyàwó mi ti fẹ́ dá èpè padà fún ọkùnrin kan kí n tó ṣàlàyé.

Ẹ má sì yà kúrò lójú ọ̀nà bó ti wù kó rí. Koríko kúkúrú orí òkè yẹn, òjò dídì ló ń bò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìgbà díẹ̀ ló fi ń hù. Ojú táyà lórí rẹ̀ lè wà níbẹ̀ títí ọmọ yín á fi bímọ.

Ìyá Ìbejì Houston · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ka ti irun tó ń dìde yẹn fún ọkọ mi, ó ní "aago mẹ́fà la ó gbéra". Mo ti gba ọjọ́ tí èmi àti Kẹ́hìndé máa rí dókítà.

Ó ku Màmá. Wọ́n ní àwọn ò ní jókòó sílé kí a máa lọ wo nǹkan tí Ọlọ́run dá. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí la sì máa jẹ, ìlú yẹn kéré.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Màmá náà á rí dókítà, torí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn. Gbogbo yín, ẹ má ti Houston wọ Lake City kí ẹ sì gòkè lọ́jọ́ kejì. Ẹ sun alẹ́ kan ní Denver tàbí ibi tó bá jẹ́ nǹkan bí 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ sun alẹ́ méjì ní Lake City, ẹ wá gòkè lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Orí fífọ́ díẹ̀ àti àìrí oorun sùn kì í ṣe ohun tuntun lálẹ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ tí èébì wá ń gbé èèyàn, tàbí tó ń rìn tàgétàgé, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kò sí oògùn tó dà bíi sísọ̀ kalẹ̀. Kílíníìkì kékeré wà ní Lake City. Ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ ọn jù wà ní Gunnison, bíi máìlì 55.

Ẹ má mu bíà lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ́ fún àbúrò yín tó jẹ́ ọ̀gá.

Ìyá Alásè Maryland · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:36 àárọ̀

Ẹ má gbé ẹ̀wà lọ o! Mo gbé ẹ̀wà olóyin lọ sí ilé onígi tá a gbà níbẹ̀. Mo gbé e kaná ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ó ṣì ń dún "kọ́kọ́kọ́" lẹ́nu. Mo rò pé ẹ̀wà ọdún tó kọjá ni wọ́n tà fún mi, mo sì ti ṣẹ́ èpè fún ẹni tó tà á. Àṣé ní gíga ibẹ̀ yẹn, omi ti ń hó kó tó gbóná tán, ní bíi 91°C dípò 100°C. Ó ń hó lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò gbóná tó. Ìrẹsì náà ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá máa se nǹkan, ìkòkò tó ń di afẹ́fẹ́ sínú ni kí ẹ gbé lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ se ọbẹ̀ láti ilé, ẹ fi yìnyín dì í sínú kúlà.

Ìpékeré tí ẹ bá rà ní páálí náà, ẹ má bẹ̀rù bó bá wú bíi bọ́ọ̀lù nínú báàgì. Tiwa bẹ́ lórí òkè Slumgullion, lójú ọ̀nà Lake City, Dádì àwọn ọmọ mi tẹ bíréèkì, ó rò pé táyà ni.

Tíṣà Jọ́gíráfì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:20 ọ̀sán

Slumgullion yẹn gan-an ni kí ẹ fi han Màmá. Bí ẹ bá ń ti South Fork àti Creede bọ̀ lójú ọ̀nà 149, ẹ ó rí ẹ̀gbẹ́ òkè kan tó jẹ́ amọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò. Ilẹ̀ yẹn ló ya ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, ó ṣàn wá dí odò Lake Fork, odò náà kò rí ọ̀nà lọ, ló bá di Lake San Cristobal. Òun ni adágún àdáyébá tó tóbi ṣìkejì ní Colorado. Ilẹ̀ náà kò tíì dúró títí di òní. Apá kan rẹ̀ ń rìn tó 20 ẹsẹ̀ bàtà lọ́dún. Ẹ wo àwọn igi orí rẹ̀, wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí. Àwọn awakùsà ló sọ ọ́ lórúkọ ọbẹ̀ wọn torí àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ má sọ ti Alferd Packer fún Màmá lálẹ́ o. Lọ́dún 1874, nínú òtútù, ó bá ọkùnrin márùn-ún wọ òkè yẹn, òun nìkan ló jáde, ó sì sanra díẹ̀. Ó jẹ wọ́n. Ibi tí wọ́n sin wọ́n sí wà lẹ́bàá ọ̀nà, kò jìnnà sí adágún yẹn. Ilẹ̀ àwọn Ute ni gbogbo ibẹ̀ kí àdéhùn 1873 tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Orúkọ olórí wọn kan ni ìlú Ouray ń jẹ́.

Bọ́lá Minneapolis · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:09 ìrọ̀lẹ́

Fún Màmá, ọ̀nà tó gba etí adágún kò le, mọ́tò lásán ń gbà á. Wọ́n ń yáni ní ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ tó ní ìjókòó àti ìbòrí. Màmá mi jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn, wọ́n ń fọwọ́ kan omi, wọ́n ń ní "ó tutù bíi fíríjì". Ẹranko kan tún wà lórí òkúta níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní marmot. Ó jọ òkété, àmọ́ ó sanra tó ológbò, ó sì ń súfèé. Màmá mi wò ó títí. Wọ́n ní, "Ṣé wọn kì í jẹ ẹ́ ni?"

Àkànní Aurora · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ohun kan péré: nẹ́tíwọ́kì máa lọ ní kété tí ẹ bá fi ìlú sílẹ̀. Ẹ fi máàpù sínú fóònù nílé. Bí ẹnì kan bá ní iPhone 14 sókè, ó lè fi sátẹ́láìtì pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti aago tí ẹ máa dé sílẹ̀ fún Màmá. Ní Animas Forks, ẹ lè wọ àwọn ilé tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ọ̀kan wà tí fèrèsé rẹ̀ yọ síta bí ikùn. Ṣùgbọ́n ẹ má wọ ihò kùsà kankan, ẹ má sì mu omi odò ibẹ̀. Ẹ ó rí i tó pọ́n bí ìpẹtà, kùsà ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Houston · Ọjọ́ Ẹtì, 8:47 alẹ́

A ti rí dókítà. Ó ní kí Kẹ́hìndé lọ, ó fún wa ní ìwé tí a máa mú dání, ó sì ní bí ìhà òsì bá ti gún un, kí a má dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi, ó rí nǹkan nínú àyẹ̀wò mi tó ní kí n jẹ́ kí òun tún wò, nítorí náà mi ò ní kọjá adágún. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n èmi àti Màmá á wà nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn. Side-by-side méjì la ti san owó rẹ̀. Ọkọ mi á wa ọ̀kan, ìyàwó àbúrò mi á wa èkejì. Àbúrò mi ń fapá jánú pé kí ló dé tí kì í ṣe òun. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti kú láti oṣù kẹta, òun náà kò mọ̀ títí ẹni tó fẹ́ yá wa lọ́kọ̀ fi bi í.

Ìyá Alásè, mo ti ra ìkòkò náà. Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ̀wà olóyin máa gbà nínú rẹ̀ ní Lake City?

Ìyá Alásè Maryland · Ọjọ́ Ẹtì, 9:01 alẹ́

Rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Nílé ogún ìṣẹ́jú ni tèmi. Níbẹ̀, fi mẹ́wàá kún un, kó o sì ra búrẹ́dì pa mọ́.